Òdo Inú Odò

Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, èmi àti méjì nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi wọ inú odò kékeré kan tí kò jìnnà sí Kàbà. Ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi náà débi pé kò ju orúnkún lọ, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí èékánná ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi ìka tú iyanrìn àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò láti etí kan dé èkejì, a wo abẹ́ òkúta, a wo ìdí gbòǹgbò igi tó yọ sínú omi, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko tí mo fi aago fóònù mi kà. Nígbà tí aago náà dún, kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ wa bí kò ṣe òkúta wẹ́wẹ́, ewé jíjẹrà àti ìdérí ìgò kan. Mo gòkè wá sí etí odò, mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo mú bíírò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé.

Màmá kan ti ń wò wá láti ìgbà tí a ti dé. Ó wá rẹ pákí ni, ó sì ti tó ìyá tó bí mi lọ́mọ. Ó ní, "Òkun o, Tíṣà. Kí lo sọ sómi?" Mo dá a lóhùn pé, "Òkun o, Màmá. A ò sọ nǹkan kan sómi o. Ìkarahun odò la wá wá." Ó bèèrè bóyá a rí i, mo ní a kò rí ẹyọ kan. Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó wo bíírò, ó ní, "Kí wá lò ń kọ?" Mo ní ohun tí mo ń kọ náà nìyẹn, pé a wá a, a kò sì rí i. Ẹ̀rín pa á. Ó ní òun ti ń ná ọjà Kàbà láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọge, òun kò sì tí ì rí ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí kò rà.

Mo bá a rín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, nítorí pé ohun tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti bí ọdún mẹ́ta. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìwọ̀-oòrùn Kogi, ní ilẹ̀ Òkun wa níbí. Nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń fi àbájáde ìwákiri ìkarahun odò ránṣẹ́ sí ibi ìkójọ dátà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn onímọ̀ àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń kó ohun tí wọ́n bá nínú odò wọn jọ sójú kan. Kò sí owó nídìí rẹ̀, ìyàwó mi sì ti bi mí ní ìbéèrè yẹn títí ó fi sú u. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi pé dátà ni mo ń kó, ó ní kí n rọra máa ra á nítorí pé ó ti wọ́n, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Iyanrìn ilé ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ kíláàsì tuntun ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, típà da iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ pápá, mo sì rí abala ìkarahun kan nínú òkìtì náà. Ó gùn tó ìka ọwọ́ mi tó gùn jù, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà, ó ń yí àwọ̀ padà bí mo ti ń yí i sí oòrùn, láti funfun sí bí aró sí bí osùn tí omi ti là. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo wá ibi tí mo lè fi í ránṣẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èsì sì dé ní ọjọ́ kejì: inú odò wo ni ẹ ti rí i? Mo lọ bá àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n ní kí n bi dírẹ́bà. Mo bi dírẹ́bà, ó ní láti odò ni. Odò wo? Ó wò mí bíi pé orí mi kò pé. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá ti lè dé etí omi láìrì ni ó ti ń kó iyanrìn, ó lè jẹ́ ibi mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Nítorí náà, kò sí ibi tí wọ́n ti lè kọ ìkarahun yẹn sí. Ó wà lórí tábìlì mi títí di òní, mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e.

Ẹni tí kò bá tí ì rí odindi rẹ̀ rí lè máa rò pé irú ìgbín kan ni. Wọ́n bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n èyí kò ní orí tó ń yọ síta, kò sì ní ìwo. Ìkarahun abala méjì ló bò ó, bí ìgbà tí èèyàn pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ara wọn, ó sì lè ṣí i díẹ̀ tàbí kí ó pa á dé bó bá gbúròó ewu. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ri ara wọn mọ́ iyanrìn, kìkì etí kan ni wọ́n á fi síta láti fa omi wọlé kí wọ́n sì tú u jáde. Ohun tí aṣọ asẹ́ ń ṣe sí ògì ni wọ́n ń ṣe sí odò: wọ́n ń yọ èyí tí wọ́n á jẹ kúrò nínú rẹ̀, omi tó kù á sì máa bá tirẹ̀ lọ ní mímọ́ ju bó ti wọlé lọ. Wọ́n ṣírò pé ẹyọ kan tó ti dàgbà dáadáa nínú àwọn ẹ̀yà kan lè sẹ́ nǹkan bíi lítà 40 lójúmọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì omi méjì lára irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbé lérí láti odò wá sílé.

Ìbí wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀, ọmọ tí ìyá bá tú sínú omi kò lè dá dúró. Àfi kí ó lẹ̀ mọ́ ara ẹja, kí ó gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó já bọ́ sí ìsàlẹ̀ odò láti bẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé tirẹ̀. Bí ẹja tó ń bá a tọ́mọ bá wá tán nínú odò, àwọn àgbà ìkarahun lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, kí wọ́n máa sanra, kí wọ́n máa sẹ́ omi, láìsí ọmọ kan ṣoṣo lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yà kan wà ní Yúróòpù, Margaritifera margaritifera, tó lè lò ju 100 ọdún lọ láyé. Irú wọn lè kún odò kan fọ́fọ́, kí ó sì jẹ́ pé ìdílé tó ti run ni èèyàn ń wò. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù ibi ìkójọ dátà náà fi ń béèrè gígùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní mìlímítà. Bí gbogbo gígùn tí èèyàn kọ bá jẹ́ ti àgbàlagbà, ìyẹn ti sọ ohun tí iye wọn kò sọ.

Orúkọ rẹ̀ fún mi ní wàhálà. Ìṣáwùrú ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ké pe ohunkóhun tó bá ní ìkarahun tó sì ń gbé inú omi, ṣùgbọ́n ìṣáwùrú gidi ni èyí tí ìkarahun rẹ̀ lọ́ pọ̀ sókè bí ti ìgbín. Mo bi ènìyàn mẹ́ta ní abúlé kan ṣoṣo, ọ̀kan ní ìṣáwùrú, èkejì ní ìgbín odò, ẹ̀kẹta ní ìkarahun lásán ni òun mọ̀ ọ́n sí. Mo fara mọ́ ìkarahun odò. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún orúkọ ìbílẹ̀, mo sì máa ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn onímọ̀ ni ó fi ń to nǹkan jọ. Nínú agbègbè odò Ọya, méjì tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ ni Mutela dubia, tó gùn tó sì tín-ín-rín, àti Etheria elliptica, tó máa ń lẹ ara rẹ̀ mọ́ òkúta títí tí ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ yóò fi wá irin. Orúkọ Mutela yìí, ilẹ̀ adúláwọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀: Michel Adanson, ọmọ Faransé tó gbé ní Sẹ̀nẹ̀gà ṣe ìwádìí, ló pe ọ̀kan ní "mutel" nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1757, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sì sọ ọ́ di ti Látìnì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí fọ́ọ̀mù náà, mo rò pé ohun tí mo rí ni yóò bi mí. Kò bi mí títí ó fi kù díẹ̀ kí ó parí. Ó béèrè ọjọ́ àti àkókò, ó béèrè ibi tí mo dúró sí gan-an, bí odò ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe jìn tó, bóyá iyanrìn ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàbí òkúta tàbí ẹrẹ̀, bóyá omi mọ́ tàbí ó dàrú. Lẹ́yìn náà ó béèrè iye ènìyàn tó wá a, iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wá a, àti bí a ṣe wá a: ṣé ọwọ́ la fi tú ilẹ̀, ṣé ojú la fi wò, àbí a gbé férémù onígun mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ odò, irú èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ mítà, tí a sì kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ló wá béèrè iye tó wà láàyè, iye ìkarahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tí inú rẹ̀ ṣì ń dán, àti iye èyí tó ti pẹ́, tó ti funfun tó sì ń rún bí ẹfun. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Ó dà bíi pé alákòóso ilé ìfowópamọ́ ni mo wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé ẹnì kan tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún wá a tí kò rí i, àti ẹni mẹ́ta tó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wá a tí wọn kò rí i, kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n wá sọ. Ohun tó ń gbé inú iyanrìn ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ń sọ pé kò sí. Èyí tí mo kọ ní ọjọ́ tí Màmá fi mí rẹ́rìn-ín jẹ́ àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ènìyàn. "A kò rí i" tó ní ìwúwo díẹ̀ ni.

Èmi náà ṣe àṣìṣe tó pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo gbé nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tí èèyàn wà fún ara wọn. Kàbà wà ní nǹkan bíi 7.83 sí àríwá àti 6.07 sí ìlà-oòrùn. Mo kọ èkejì sí ipò èkíní, odò wa sì ṣí lọ sí Ipinlẹ Ebonyi lójijì, níbi tí ó wà fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i. Bí a bá yí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ padà fún ìlú kan ní Nọ́wè, inú òkun Íńdíà ni yóò bọ́ sí, gbogbo ènìyàn á sì mọ̀ pé àṣìṣe ni. Tiwa súnmọ́ ara wọn débi pé irọ́ náà jọ òótọ́.

Orúkọ ibi kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkarahun tí ẹnì kan bá mú ní Kàbà ní 1930, "Kabba Province" ni yóò wà lára páálí rẹ̀ nínú àpótí. Bó bá jẹ́ ní 1975 ni, yóò jẹ́ Kwara, ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Kogi ni. Ẹni tó bá ń wo ìwé láti ọ̀nà jíjìn yóò rò pé ibi mẹ́ta ni, nígbà tó jẹ́ pé odò náà kò yẹsẹ̀. Èmi tí wọ́n bí ní Kwara tí mo sì ń gbé ní Kogi láìkó ẹrù, ọ̀rọ̀ yìí yé mi dénú. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń kọ orúkọ odò síwájú orúkọ ìjọba nínú gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó ń dùn mí jù kì í ṣe ti nọ́ńbà ìlà ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí, a wo odò mẹ́ta mìíràn. Mo bá àwọn ọmọ lọ sí méjì, èkejì nínú wọn sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ní ti ẹ̀kẹta, tó jẹ́ ẹ̀kẹrin nínú àpapọ̀, ìsìnkú kan gbé mi lọ sí Mọ́pà ní ọjọ́ náà, mo sì ní kí àwọn méjèèjì dá lọ, nítorí pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí a parí, mo ní kí èyí àgbà nínú wọn tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ṣe é dáadáa, àfi ohun kan. Níbi tí ó yẹ kí ó tẹ nọ́ńbà 0 sí, ọ̀rọ̀ ló tẹ̀: "odo", láìsí àmì ohùn, nítorí pé kọ̀ǹpútà wa kò ní bọ́tìnnì fún un, àwa náà kò sì bìkítà tó.

Kọ̀ǹpútà tó gba ìwé náà ní òkè òkun ń retí nọ́ńbà ní ibi yẹn. Ó bá ọ̀rọ̀, kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe, ó sì pa á rẹ́. Òdo mẹ́rin di òfìfo mẹ́rin. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, obìnrin kan tó ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀, tí n kò mọ̀ lójú rí, kọ lẹ́tà kúkúrú sí mi: ní odò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ṣé ẹ wá a tí ẹ kò rí i ni, àbí ẹ kò wá a?

Mo mú ìwé tí a fi bíírò kọ. Mẹ́ta nínú wọn kò ṣòro. Ọwọ́ ara mi ló kọ wọ́n, nọ́ńbà 0 wà níbẹ̀ kedere. Ní ti ẹ̀kẹrin, tó jẹ́ ti àwọn ọmọ nìkan, "odo" ló wà lórí ìwé náà, ó sì wà láàárín ìlà méjì, kò bọ́ sí àyè iye, kò bọ́ sí àyè orúkọ ibi. Odò yẹn kò ní orúkọ tí àwọn ọmọ mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé "odò" lásán ni wọ́n kọ sí ibi orúkọ, tí wọn kò sì kọ iye kankan nítorí pé wọn kò wọ omi. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ "òdo", pé wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n wá a, ọwọ́ wọn sì ṣófo. Àyè ìṣẹ́jú náà kò ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé omi ti wọ ibẹ̀, yíǹkì bíírò sì ti pòórá. Èmi tí mo máa ń na ẹ̀gba ọ̀rọ̀ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí pé kí wọ́n fi àmì sórí Yorùbá wọn, àmì ohùn kan péré ló dá mi dúró.

Èyí àgbà ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́, ó ti wà ní Èkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀wọ́, mi ò rántí mọ́. Mo rántí pé òjò fẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ náà." Èkejì ní àwọn wọ omi, ṣùgbọ́n bí mo ti bi í léèrè bóyá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní bóyá mẹ́wàá. Mo gbọ́ nínú ohùn rẹ̀ pé ohun tó rò pé ó máa tẹ́ mi lọ́rùn ló ń wá.

Kò sí ẹni tí yóò mú mi bí mo bá kọ 0 síbẹ̀. Odò tó wà ní ọ̀tún jẹ́ 0, èyí tó wà ní òsì jẹ́ 0, kò sì sí ẹni tí yóò ti Copenhagen wá wo ọ̀gbun kékeré kan lẹ́yìn oko pákí. Mo sọ Copenhagen nítorí pé ibẹ̀ ni ọ́fíìsì GBIF wà, àjọ tó ti ń so àkójọ irú èyí pọ̀ kárí ayé láti 2001. Nínú ìlànà Darwin Core tí wọ́n fi ń to dátà wọn, àyè kan wà tó kàn ń béèrè bóyá ohun alààyè kan wà níbi kan tàbí kò sí. Wọ́n mọ̀ pé "kò sí" jẹ́ ìdáhùn. Ohun tí wọn kò lè mọ̀ láti ibẹ̀ ni bóyá ẹni tó kọ "kò sí" gbé ẹsẹ̀ sínú omi.

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tí irú 0 bẹ́ẹ̀ lè gbé, kí ó wo Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ẹ̀yà ìkarahun odò tó lé ní 800 láyé, nǹkan bíi 300 ló wà ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà nìkan. Ní àwọn ọdún 1890, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ John Boepple bẹ̀rẹ̀ sí gé bọ́tìnnì ẹ̀wù lára wọn ní ìlú Muscatine, létí odò Mississippi, òwò náà sì gbilẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn ṣì ń ṣa ìkarahun tó lu jára bí asẹ́ létí odò yẹn títí di ìsinsìnyí. Lẹ́yìn bọ́tìnnì ni ìsédò dé, tí omi tó ń ṣàn di adágún, ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìjọba wọn yọ ẹ̀yà ohun alààyè 21 kúrò nínú ìwé ààbò ní 2023 nítorí pé wọ́n ti run, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ ìkarahun odò. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé wọ́n ti run? Kò sí ẹni tó rí ikú èyí tó kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ìwé àwọn tó wọ odò kan náà léraléra, tí wọ́n wá a dáadáa, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò rí i. Irú ohun tí Màmá létí odò fi mí rẹ́rìn-ín sí ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́.

Tiwa yàtọ̀. Bí mo bá ṣí àwòrán ilẹ̀ inú ibi ìkójọ dátà náà, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kún fún àmì bí ara ẹni tí ìta mú, tí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì tẹ́jú lọ láìsí nǹkan. Àlejò lè wò ó kí ó ní kò sí ìkarahun lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ó wà. Ní odò Pendjari ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ènìyàn ń kó Etheria jẹ, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá a. Títẹ́jú tí àwòrán wa tẹ́jú kì í ṣe òdo, òfìfo ni.

Bàbá kan tó ti jẹ́ apẹja nígbà èwe rẹ̀ sọ fún mi, níhà Yàgbà, pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, èèyàn kò lè sáré nínú odò abúlé àwọn nítorí pé ìkarahun á gé e lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé, "Bàbá, ọdún wo nìyẹn?" Ó ní kí wọ́n tó yọ wá kúrò lára Kwara, nígbà tí ìyá òun ṣì wà láyé. Fọ́ọ̀mù náà ń fẹ́ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Mo pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà níkẹyìn pé fọ́ọ̀mù ló kéré, kì í ṣe Bàbá. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àyè àlàyé bó ṣe sọ ọ́, mo kọ ọ́ pé ẹnu àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì fi àyè iye sílẹ̀ láìkọ nǹkan. Ẹnì kan lórí iṣẹ́ náà kò fara mọ́ ọn. Ó ní ìtàn kì í ṣe dátà. N kò bá a jiyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò yọ ọ́.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé bí a bá ń fi ibi tí nǹkan wà gan-an sórí íntánẹ́ẹ̀tì, à ń júwe ọ̀nà fún olè nìyẹn, ibi ìkójọ náà sì máa ń gba èèyàn láyè láti fi ojú ibẹ̀ pa mọ́ bí ẹ̀yà náà bá ṣọ̀wọ́n. Mo gbà pé ó bójú mu. Níhà ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn tó ń kó ìsàlẹ̀ odò lọ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ ọ̀nà.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, mo mú ọmọ méjì mìíràn, a sì padà sí odò kẹrin. Mo ti fi àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù, mo sì ṣàyẹ̀wò wọn lẹ́ẹ̀mejì kí a má baà já sí Ebonyi. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo rò ní àkọ́kọ́ pé mo tún ti ṣìnà, nítorí pé etí odò kan ti di òkè iyanrìn, ipa táyà típà sì gba àárín oko wọ inú omi lọ. Ibi tí omi gbé jìn dé ìbàdí, tó sì dàrú bí omi ẹ̀lùbọ́. A wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni mẹ́ta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọwọ́ la fi tú ilẹ̀ nítorí pé ojú kò rí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kígbe lẹ́ẹ̀kan pé òun ti rí i, ó sì gbé àfọ́kù àwo kan sókè.

Mo kọ ọ́ létí odò, mo tẹ̀ ẹ́ nílé ní alẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Ìlà méjì ló wà fún odò yẹn nínú ibi ìkójọ dátà náà báyìí. Ti ọdún yìí ní 0, mo sì fi nọ́ńbà tẹ̀ ẹ́. Kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa ti ọdún tó kọjá, nítorí pé kì í ṣe odò kan náà mọ́. Ìlà ti ọdún tó kọjá ṣì ṣófo ní ibi iye, mo sì kọ sí àyè àlàyé rẹ̀ pé àwọn tó lọ síbẹ̀ kò rántí mọ́, àti pé ẹni tó rán wọn kò sí níbẹ̀.